Eugen Sandow: Ọ̀gá Àwọn Agbérin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ń tọ́jú owó, a sì máa ń pa á fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kò tètè yé. Eugen Sandow kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà wí ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ènìyàn: pé irin kékeré tí a bá ń gbé lójoojúmọ́, tí a sì fi ọkàn sí i, lè sọ apá tín-ín-rín di apá gìrìpá.

Lónìí, a ń rí àwọn ọ̀dọ́ nínú ọgbà yunifásítì tí wọ́n ń gbé irin ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí agbára wọn kò ká irin rírà a máa rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo méjì, wọn a sì fi ọ̀pá so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ orúkọ ọkùnrin tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ irin gbígbé di ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ nínú yàrá ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a gbé ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe pé kí a kàn máa yìn ín ṣá o. Ìtàn náà ní iyọ̀, ó sì ní iyanrìn.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1867 ni wọ́n bí Sandow ní ìlú Königsberg, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Prọ́ṣíà nígbà náà. Ìlú yìí kò sí lábẹ́ Jámánì mọ́. Rọ́ṣíà ni ó ni ín lónìí, Kaliningrad sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Friedrich Wilhelm Müller ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Sandow ni ó sọ ara rẹ̀ nígbà tí ó di òṣèré, wọ́n sì ní ara orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni ó ti fà á yọ.

Nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ọmọ tí ó lágbára rárá. Ó ní ìgbà kan wà tí bàbá òun mú òun lọ sí ilẹ̀ Ítálì, tí òun sì rí àwọn ère òkúta tí àwọn ará Róòmù àti ti Gíríìsì àtijọ́ gbẹ́. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu pé apá àwọn ère náà gbà, àyà wọn sì tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ọkùnrin kan ní àdúgbò wọn tí ó rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ kí ó yé e pé àwọn ará àtijọ́ kì í jókòó sójú kan, wọ́n ń fi iṣẹ́ àti eré tọ́ ara wọn. Àwọn òpìtàn kan kò gba ìtàn yìí gbọ́ délẹ̀délẹ̀, nítorí Sandow mọ ọ̀nà tí a fi ń ta ọjà ẹni. Ṣùgbọ́n ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ àlọ́, inú rẹ̀ ni a ti rí ìgbàgbọ́ tí ó dì mú títí ó fi kú: pé a kì í bí agbára mọ́ ènìyàn nìkan, a lè mọ ọ́n bí amọ̀kòkò ti ń mọ ìkòkò.

Bí Ó Ṣe Rí Ọ̀gá

Ní nǹkan bí ọdún 1885, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìjọba Prọ́ṣíà mú un wọ iṣẹ́ ológun, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi ìlú sílẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn eléré tí ń ti ìlú dé ìlú, ó ń ta àtakìtì, ó ń fi agbára ṣe eré fún àwọn òǹwòran. Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mówó wá.

Ìlú Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni orí ti bá a ṣe é. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Louis Durlacher, alágbára kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attila. Attila ti di ògbólógbòó nínú iṣẹ́ irin gbígbé, ó sì ní ilé tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó wo ọmọkùnrin yìí, ó rí i pé ohun rere wà lára rẹ̀. Ó mú un sọ́dọ̀, ó kọ́ ọ bí a ti ń gbé irin ńlá, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń dúró níwájú èrò. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun Sandow gbọ́dọ̀ rántí Attila, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ìdíje Pẹ̀lú Sampson

Ní ọdún 1889, alágbára kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Charles Sampson. Ilé eré tí wọ́n ń pè ní Royal Aquarium, ní Westminster, ni ó ti ń ṣe eré ní alaalẹ́ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Cyclops. Sampson a máa fọ́nnu pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe ohun tí àwọn méjèèjì ń ṣe, ó sì fi owó lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá dá a láṣà. Attila gbọ́, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ òun wá.

Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, Sandow jáde láti àárín èrò, aṣọ àwọn ọlọ́lá ni ó wọ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín, nítorí pé kò ga púpọ̀, aṣọ sì bo iṣan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bọ́ aṣọ, ẹ̀rín dá. Ó gbé gbogbo irin tí Cyclops gbé, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdíje náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni ó wá ko Sampson fúnra rẹ̀. Èrò pọ̀ bí omi lálẹ́ ọjọ́ náà. Sampson fi apá já ẹ̀wọ̀n, Sandow náà fi apá já ẹ̀wọ̀n. Níkẹyìn, Sandow gbé dọ́ńbẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí ó jẹ́ kí àwọn adájọ́ gbà pé òun ni ó borí. Sampson bínú jáde, kò sì gbà pé wọ́n dá ẹjọ́ náà bí ó ti tọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ kan yẹn ni orúkọ Sandow ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Sandow ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1893 ó sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. New York ni ó ti kọ́kọ́ ṣe eré, lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò eré kan, Florenz Ziegfeld, mú un lọ sí Chicago, níbi tí ìpàtẹ ńlá ti àgbáyé ti ń lọ lọ́wọ́. Ziegfeld ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn mìíràn kò rí. Ó rí i pé ara tí ń gbé irin náà ni ojú àwọn òǹwòran ń lọ sí ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Ó wá ṣètò kí Sandow máa dúró bí ère, kí ó máa mú iṣan apá, ti àyà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ta kìjikìji lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣàfihàn ara ṣe gba ipò lọ́wọ́ ìṣàfihàn agbára nìyẹn, ibẹ̀ sì ni eré tí a mọ̀ lónìí, níbi tí àwọn alágbára ti ń dúró níwájú adájọ́ láìgbé ohunkóhun, ti fa gbòǹgbò rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1894, àwọn òṣìṣẹ́ Thomas Edison ya àwòrán rẹ̀ nínú sinimá ní West Orange, ní New Jersey. Ó wà lára àwọn ènìyàn tí sinimá kọ́kọ́ gbé jáde rí, a sì tún lè wo àwòrán náà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni ó ṣe ohun tí kò bu iyì kún un. Ní San Francisco, wọ́n polówó pé Sandow yóò bá kìnnìún jìjàkadì. Èrò dé, wọ́n rí kìnnìún tí wọ́n ti di ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìbọ̀wọ́ bo èékánná rẹ̀. Ẹranko náà kò fẹ́ jà rárá. Àwọn tí ó sanwó wọlé kùn, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Sandow dáadáa kò gbọdọ̀ fo orí ìtàn yìí, nítorí alágbára ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Lórí Apá

Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó pinnu láti di olùkọ́. Ní ọdún 1897 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ara ní St James's Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé ìwé kan jáde lórí agbára àti bí a ṣe ń ní in. Ní ọdún 1898 ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Àwọn tí kò lè dé Lọ́ńdọ̀nù a máa ra irin rẹ̀ àti ìwé ìlànà rẹ̀ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí ń jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́ wá di ẹni tí ó lè tọ́ apá ara rẹ̀ nínú yàrá kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Dọ́ńbẹ́ẹ̀lì ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Irin kékeré tí ó ní orí méjì ni, tí a ń di àárín rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan. Èyí tí ó ní kí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ kò wúwo, pọ́ùn mélòó kan péré ni. Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú ìlànà rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ènìyàn yóò dúró ṣánṣán, apá yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, àtẹ́lẹwọ́ yóò kọjú síwájú. Yóò ká ìgúnpá títí irin yóò fi dé ẹ̀bá èjìká. Bí ti ọ̀tún ti ń gòkè ni ti òsì yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Ìgúnpá kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, yóò yí ọwọ́ padà kí ẹ̀yìn ọwọ́ lè kọjú síwájú, yóò sì tún ká a bákan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀gbọọgba èjìká, yóò wá máa ká wọn wọlé níkọ̀ọ̀kan.

Ó lè dà bí ẹni pé ohun kan náà ni a ń tún ṣe, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ó máa ń yọ gọnbu níwájú apá òkè ní iṣẹ́ méjì: ó ń ká ìgúnpá, ó sì ń yí ọwọ́ kí àtẹ́lẹwọ́ lè kọjú sókè. Nítorí náà, bí àtẹ́lẹwọ́ bá wà lókè, òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí a bá yí àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀, agbára iṣan yìí dín kù, ẹrù a sì wá bọ́ sọ́rùn iṣan tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀, àti èyí tí ó gùn láti òkè ìgúnpá dé ẹ̀bá ọrùn ọwọ́. Àwọn iṣan ẹ̀yìn apá ìsàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí ọrùn ọwọ́ má bàa tẹ̀. Bí a bá sì di irin mú bí ìgbà tí a di òòlù mú, tí àtàǹpàkò wà lókè, apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ á jùmọ̀ pín ẹrù náà. Ẹni tí ó bá ń ká a lọ́nà kan ṣoṣo dà bí àgbẹ̀ tí ń ro ìdajì oko rẹ̀.

Sandow tún ṣe irú dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kan tí ó pín sí méjì ní gígùn rẹ̀, tí sípíríǹgì sì wà láàárín. Ẹni tí ó gbé e gbọ́dọ̀ fún un pọ̀ ṣinṣin kí ìdajì méjèèjì tó lè pàdé. Bí agbára bá ti ń pọ̀ sí i ni a ó máa fi sípíríǹgì kún un. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìka ọwọ́ àti apá ìsàlẹ̀ kò ní sinmi, ọkàn ẹni náà kò sì ní ṣáko lọ. Sandow gbà pé ẹni tí ń gbé irin tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà ń fi àkókò ṣòfò.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí? Àwọn alátakò rẹ̀ bi í ní ìbéèrè tí ó tọ́: ṣé irin pọ́ùn mélòó kan ni ó fi kọ́ apá tirẹ̀? Rárá o. Irin ńlá ni Attila fi kọ́ ọ. Ó dà bí ẹni tí ó fi odó ńlá gún iyán yó, tí ó wá ń ta odó kékeré fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ òde òní kò dá a lẹ́bi tán. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé irin tí kò wúwo púpọ̀ lè mú kí iṣan tóbi, bí a bá gbé e títí tí ó fi rẹ apá náà dáadáa. Fún ẹni tí ó fẹ́ agbára láti gbé ohun ńlá, irin wíwúwo ni ó dára jù. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí irin fẹ́ẹ́rẹ́, tí a kò fi kún un, tí kò sì rẹ̀ wá, sọ wá di Sandow. Ara kì í dàgbà lórí ohun tí ó ti mọ́ ọn lára.

Ìdíje Ọdún 1901 àti Ère Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, Sandow pe ìdíje ńlá kan sí gbọ̀ngàn Royal Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun pẹ̀lú Charles Lawes tí í ṣe agbẹ́gilére, àti Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé ìtàn Sherlock Holmes, ni wọ́n ṣe adájọ́. Wọn kò wo títóbi iṣan nìkan. Wọ́n wo bí ara ṣe bá ara mu, wọ́n wo ìlera, wọ́n sì wo awọ ara pàápàá. William Murray láti Nottingham ni ó gba ipò kìíní, ère Sandow aláwọ̀ wúrà ni wọ́n sì fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìdíje yìí sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó tóbi.

Ọdún 1901 náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun àdáyébá ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹfun rírọ gba àwòrán gbogbo ara Sandow, láti fi í ṣe àpẹẹrẹ ara àwọn ènìyàn aláwọ̀ funfun. Ó yẹ kí àwa ọmọ adúláwọ̀ dúró díẹ̀ níbí. Àkókò tí àwọn Òyìnbó ń to ẹ̀yà ènìyàn lé orí ara wọn bí àtẹ̀gùn ni, wọ́n sì fẹ́ fi ara ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rí. Wọn kò fi ère náà sí gbangba pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ṣe dá ẹjọ́ náà. Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti ń fi ère kékeré ti Sandow dá ẹni tí ó bá borí nínú ìdíje Mr. Olympia lọ́lá. Lee Haney gba ipò kìíní nínú ìdíje yìí ní ìgbà mẹ́jọ, láti 1984 sí 1991. Ronnie Coleman náà gbà á ní ìgbà mẹ́jọ, láti 1998 sí 2005. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Ara tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n fún ẹ̀yà kan ṣoṣo wá di ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún un. Ẹ̀kọ́ Sandow fúnra rẹ̀ ni ó sì tako ère ẹfun náà, nítorí ohun tí a bá lè kọ́ kì í ṣe ogún ẹ̀yà kankan.

Ìrìn Àjò àti Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Láàárín ọdún 1902 sí 1905, Sandow rin ìrìn àjò lọ sí Ọsirélíà, Niu Silandi, Gúúsù Áfíríkà àti Íńdíà. Ní Íńdíà, níbi tí jíjàkadì àti ìtọ́jú ara ti wà láti ayébáyé, èrò púpọ̀ ni ó wá wò ó. Ní ọdún 1906 ó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1911 Ọba George Karùn-ún fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìtọ́jú ara.

Ọlá náà kò dúró pẹ́. Sandow ti dá iṣẹ́ kòkó mímu sílẹ̀, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Àkókò náà kò dára fún ẹni tí a bí ní Jámánì tí ó ń tajà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1916 iṣẹ́ kòkó náà wó. Síbẹ̀ kò dẹ́kun ìwé kíkọ. Ní ọdún 1919 ó tún gbé ìwé mìíràn jáde láti ṣàlàyé pé ìṣípòpadà ni ìyè.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1925 ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jẹ́ ẹni ọdún 58. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé mọ́tò kan ni ó dá nìkan gbé jáde nínú kòtò tí iṣan orí rẹ̀ fi já. Ìwé tí dókítà kọ sọ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde ni ó bàjẹ́. Inú itẹ́ òkú Putney Vale ni wọ́n sin ín sí. Ìyàwó rẹ̀, Blanche, kò jẹ́ kí wọ́n fi òkúta sí ojú oórì náà. Ọkùnrin tí ó sọ ara rẹ̀ di ère sùn fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ láìní àmì kankan. Ọdún 2002 ni olólùfẹ́ rẹ̀ kan tó gbé òkúta síbẹ̀. Ní ọdún 2008, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan gbé òkúta ńlá tí a kọ Sandow sí rọ́pò rẹ̀.

Àròjinlẹ̀

Kí ni a rí kọ́? Mo rí i pé ohun mẹ́ta ni Sandow ní: ara, òkìkí àti ẹ̀kọ́. Ara jẹrà bí ara gbogbo ènìyàn. Òkìkí rẹ̀, tí àwọn ọba pàápàá gbọ́, kò tó láti ra òkúta kan sójú oórì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù, nítorí pé ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Akọ̀wé tí ń ká ìgúnpá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1898 kò mọ ìyàwó Sandow, kò mọ gbèsè kòkó rẹ̀, kò sì bìkítà fún kìnnìún San Francisco. Ohun tí ó mọ̀ ni pé apá òun kò rí bí ó ti rí lánàá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí ó ń dúró lẹ́yìn ẹni ni ohun tí a bá fi kọ́ni. Ẹni tí ó ní agbára, kí ó kọ́ni ní agbára. Ẹni tí ó ní ìmọ̀, kí ó má ṣe dì í mọ́wọ́ bí irin tí ó ń dá gbé. Irin tí a kò gbé kalẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọjọ́ tí apá wa bá rọ ni yóò já bọ́.